Ẹ̀bẹ̀ Tí Bàbá Oníbúrẹ́dì Gbà

Bí ó bá di ọ̀rọ̀ ìlera, kò sí ẹni tí Bàbá Oníbúrẹ́dì kò lè fi ìdílé tirẹ̀ yangàn sí lójú. Ẹ ò tíì gba ṣéńjì yín tán tí yóò ti sọ fún yín pé nílé àwọn, àìsàn kì í pa wọ́n, ọjọ́ orí ní ń pa wọ́n. Bàbá rẹ̀ gbó kó tó kú. Bàbá bàbá rẹ̀ gbó kó tó kú. Bí oníbàárà kan bá sín níwájú káńtà, á ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ilé yín lẹ ti gbé ìyẹn wá, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù wa," gbogbo ènìyàn á sì bú sẹ́rìn-ín. Búrẹ́dì gbígbóná ti wà lọ́wọ́ wọn, ta ló fẹ́ bá a ṣe awuyewuye?

Ká sọ tòótọ́, ọkùnrin náà mọṣẹ́. Apá rẹ̀ méjèèjì kò nírun mọ́ láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn-ọwọ́, ooru ààrò ti jó gbogbo rẹ̀ tán. Kì í wo aago. Bí ó bá fa búrẹ́dì yọ, á dojú rẹ̀ dé, á fi ẹ̀yìn ìka kan ìdí rẹ̀ bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Bí ó bá dún bí ohun tó ṣófo nínú, ó ti jinná nìyẹn. Yàrá ẹ̀yìn ni òun máa ń wà, pẹ̀lú àwọn àpò fúláwà àti tábìlì gígùn tó fi ń po ìyẹ̀fun. Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń wà níwájú, tí ó ń tà, tí ó ń kí ènìyàn, tí ó ń bi wọ́n léèrè ọmọ àti ìyá. Ìyá Káńtà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹni tí kò bá tíì rí Ìyá Káńtà kí láàárọ̀, àfi bí ẹni tí kò tíì jí.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bàbá tó gbó kó tó kú yẹn, ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé ìtọ̀ ló ti lo ọdún tó lò kẹ́yìn láyé. Á dúró títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi máa gbọ̀n, á máa kérora, ìtọ̀ á máa kán tó, tó. Àwọn ará ilé pè é ní ìnira àgbà. Àbúrò bàbá náà obìnrin, egbò kan yọ sí i lára tí kò san títí ó fi kú. Wọ́n pè é ní oówo. Nílé wọn, wọn kì í lé àìsàn jáde, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń lé jáde. Bàbá Oníbúrẹ́dì gbọ́ ìnira àgbà, ó gbọ́ oówo, ó gbà á bẹ́ẹ̀, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Nígbà tí ó kan òun náà, bí wọ́n ti ń ṣe nílé wọn ló ṣe. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ó ń po ìyẹ̀fun, ó ń dá àpárá, ó sì ń sá wọ ilé ìtọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ìyá Káńtà ló rí ẹ̀jẹ̀ níbi tó ti tọ̀ tí kò da omi sí i dáadáa, òun ló sì fà á dé ilé ìwòsàn. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni. Ó wà nínú ẹ̀yà ara kékeré kan tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, tí àwọn dókítà ń pè ní próstéètì. Wọ́n ní kó máa wá gba ìtànṣán, iná ẹ̀rọ kan tí ojú kò lè rí, tí wọn yóò fi máa na jẹjẹrẹ náà lójoojúmọ́ títí yóò fi kú.

Bí wọ́n ṣe ń gba ìtànṣán yìí ni pé, wọ́n á ní kó mu omi títí àpò ìtọ̀ rẹ̀ á fi kún, kó mú un mọ́ra, kó tú ṣòkòtò rẹ̀ sísàlẹ̀, kó wá dùbúlẹ̀ gbọọrọ lábẹ́ ẹ̀rọ ràbàtà kan. Àwọn ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ ibẹ̀, tí òun lè bí lọ́mọ, á máa fa ìdí rẹ̀ sọ́tùn-ún, sósì, kí ó lè bá àmì tí wọ́n fín sí i lára mu. Lọ́jọ́ kan, kò lè mú ìtọ̀ náà mọ́ra mọ́. Ó tú jáde lórí ibùsùn ẹ̀rọ. Àwọn ọmọ náà ní, "Kò sí wàhálà, Bàbá," wọ́n nù ún, wọ́n pààrọ̀ aṣọ, wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Òun ní tirẹ̀, àjà ló ń wò, ó ń gbàdúrà pé kí àjà náà wó lu òun.

Ó mú Ìyá Káńtà búra pé kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọmọ wọn. Ó ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Fún àwọn oníbàárà, ó ní òun ń wá irin kan kiri fún ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun. Fún ọmọ, ó ní ìtọ̀ àgbà ni. Ìyá Káńtà ló wá ń fi ẹ̀rín gbé irọ́ náà kiri níwájú káńtà, ẹ̀rọ tí kò bàjẹ́ ń gba kí-ni-ó-ṣe-é lọ́wọ́ gbogbo àdúgbò.

Ìtànṣán parí. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ náà ṣì wà láàyè ti wálẹ̀. Ni Bàbá Oníbúrẹ́dì bá tún bẹ̀rẹ̀ sí yangàn. Nígbà tí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, wọ́n ní ó ti tún ń gòkè.

Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, obìnrin kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀, fa àga sún mọ́ ọn.

"Bàbá," ó ní, "ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe rí. Gbogbo ara wa, àwọn nǹkan kéékèèké tí ojú lásán ò lè rí la fi mọ ọ́n. Sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń jẹ́. Inú ìkọ̀ọ̀kan wọn, okùn tín-ín-rín kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní DNA. Ohun tí ẹ jogún lọ́dọ̀ bàbá yín àti ìyá yín, ara okùn yẹn ló wà. Ìtànṣán tí ẹ gbà, ńṣe ló ń já okùn náà nínú jẹjẹrẹ, kí jẹjẹrẹ lè kú."

"Kí ló wá ṣe é tí kò kú?"

"Okùn yẹn máa ń já lára gbogbo wa, kódà tí a bá jókòó jẹ́ẹ́. Ara ní àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ tó ń so ó padà. Ká ní wọn ò sí ni, a ò ní pẹ́ láyé. Jẹjẹrẹ náà ń lo àwọn òṣìṣẹ́ yẹn. Ìtànṣán á já a, wọ́n á so ó padà. Àwọn jẹjẹrẹ kan sì mọ̀ ọ́n so ju àwọn kan lọ. Ìdí nìyẹn tí ìtànṣán fi ń pa tẹni kan, tí kì í pa tẹlòmíràn."

Bàbá Oníbúrẹ́dì mi orí. Inú rẹ̀ tilẹ̀ fẹ́ dùn díẹ̀, pé jẹjẹrẹ tòun náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ ò rí i pé ìgbéraga ò mọ ibi tó yẹ kó jókòó.

"A máa gba ẹ̀jẹ̀ yín ká fi wo irú èyí tó wà lára yín, torí oògùn tí a máa lò," dókítà ní. "Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi, nínú ẹbí yín, ṣé ẹnìkan ti ní jẹjẹrẹ rí? Irú tiyín yìí, tàbí ti ọmú?"

"Nílé tiwa kẹ̀? Rárá o. Àkọ́bí mi obìnrin ni jẹjẹrẹ ọmú pa, ṣùgbọ́n ilé ìyá rẹ̀ ló ti gbé e wá."

Dókítà gbójú sókè. "Ta ló sọ fún yín bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo ènìyàn ló mọ̀. Àbúrò ìyá ìyàwó mi náà ní in."

"Ṣé ó ṣì kéré nígbà tó ní in?"

"Ó ti darúgbó. Ó ti ń lọ sí àádọ́rùn-ún ọdún."

Dókítà ṣí ewé mìíràn nínú ìwé rẹ̀. Ó ní, "Nílé tiyín ńkọ́, ṣé kò sí obìnrin kankan tó ní egbò tí kò san? Bóyá wọ́n tiẹ̀ pè é ní nǹkan mìíràn?"

"Àfi àbúrò bàbá mi. Oówo ni tiẹ̀."

"Níbo ni oówo náà wà?"

Bàbá Oníbúrẹ́dì wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Lọ́mú," ó ní.

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì wọlé, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ náà.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa àkọ́bí yìí, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ fẹ́ràn bí ojú ni. Àtìgbà tí kò tíì ga tó tábìlì ló ti ń gorí àpò fúláwà láti wo bí bàbá rẹ̀ ṣe ń po ìyẹ̀fun, nígbà tó sì dàgbà, òun ló ń kọ orúkọ sára kéèkì ọjọ́ ìbí. Ọwọ́ rẹ̀ dára débi pé àwọn ọmọdé á ní kí wọ́n má gé ibi tí orúkọ àwọn wà. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún tí kókó kan fi yọ sí i lọ́mú. Wọ́n gé e, wọ́n fún un ní oògùn, irun orí rẹ̀ re, ó hù padà, àìsàn náà sì padà tẹ̀lé irun. Ó kú.

Ìbànújẹ́ kì í fẹ́ dá dúró, ó máa ń wá ẹni tí yóò fara tì. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọmọ náà, níṣojú àna, níṣojú aládùúgbò, Bàbá Oníbúrẹ́dì nàka sí ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà tó kan káńtà fún wọn nígbà tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Ilé yín ni! Ilé yín lẹ ti gbé ikú wá fún ọmọ mi!" Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà dìde, ó mú fìlà rẹ̀, ó lọ. Kò tún tẹ ṣọ́ọ̀bù náà mọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará ilé wọn yòókù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, Ìyá Káńtà wọlé bá ọkọ rẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn. Ó kúnlẹ̀ sórí fúláwà tó dà sílẹ̀.

"Ẹ forí jì mí," ó ní. "Mi ò mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà lára mi. Ká ní mo mọ̀ ni, mi ò bá má fẹ́ yín. Ẹ ò bá lọ bí ọmọ tó máa yè lọ́dọ̀ ẹlòmíràn."

Bàbá Oníbúrẹ́dì gbé e dìde. Ó gbọn fúláwà kúrò lórúnkún rẹ̀. Ó ní, "Mo ti forí jì ọ́. Kò sí ẹni tó ń mọ̀-ọ́n-mọ̀ gbé ikú dání." Ẹ gbọ́ o, ó forí jì í! Inú rẹ̀ sì dùn sí bí òun ṣe ṣe é. Nígbà tí àwọn ènìyàn gbọ́, wọ́n ní irú ọkọ báyìí ṣọ̀wọ́n, ẹlòmíràn ì bá ti lé e jáde. Láti ìgbà náà, bí ọ̀rọ̀ bá ṣe bí ọ̀rọ̀ láàárín àwọn méjèèjì, Ìyá Káńtà ló máa ń kọ́kọ́ tọrọ gáfárà. Bí ó bá sì wẹ̀, á dúró pẹ́ nílé ìwẹ̀, á máa fọwọ́ tẹ ọmú ara rẹ̀ wò, tí ó ń retí tirẹ̀.

Bàbá Oníbúrẹ́dì nìkan ló lọ gba èsì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá," dókítà ní, "kì í ṣe jẹjẹrẹ yín nìkan ni a rí nǹkan lára rẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín ni. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn òṣìṣẹ́ tí mo ní wọ́n ń so okùn yẹn, kò ṣiṣẹ́ dáadáa lára yín láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí yín. Ẹ jogún rẹ̀ ni. Bí okùn ṣe ń já tí wọn ò so ó dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni jẹjẹrẹ ṣe ráyè wọlé. Nígbà tí ìtànṣán wá dé, jẹjẹrẹ náà wá ọ̀nà mìíràn tó fi ń tún ara rẹ̀ so. Ìròyìn rere wà níbẹ̀ o: a ní oògùn oníhóró kan tó ń dí ọ̀nà kejì yẹn. Tí kò bá rí ti àkọ́kọ́ lò, tí kò rí ti ìkejì lò, á kú."

Ìròyìn rere náà kò wọ etí Bàbá Oníbúrẹ́dì. "Jogún," ó ní. "Lọ́dọ̀ ta ni?"

"Pẹ̀lú ohun tí ẹ sọ fún mi, ó jọ pé ọ̀dọ̀ bàbá yín ni. Ohun kan náà tó ń fa irú tiyín ló máa ń fa ti ọmú lára obìnrin."

"Àkọ́bí mi ńkọ́?"

"Bó ṣe kéré tó nígbà tó ní in, ọ̀dọ̀ yín ló jọ pé ó ti jogún rẹ̀." Ó rọra sọ ọ́. "Ṣé ẹ ní ọmọ mìíràn?"

"Ó ku ọ̀kan. Obìnrin ni."

"Ó lè ní in, ó lè má ní in. Ìdajì-ìdajì ni. Tí a bá tètè mọ̀, ohun tí a lè ṣe fún un pọ̀. Ẹ sọ fún un, Bàbá. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́."

"Ṣé kò wá lè jẹ́ pé ìyàwó mi náà..."

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ló wà lọ́wọ́ mi yìí."

Bàbá Oníbúrẹ́dì jókòó síbùdókọ̀, ó jẹ́ kí ọkọ̀ tó yẹ kó wọ̀ kọjá, ó tún jẹ́ kí òmíràn kọjá. Ojú ń tì í. Kì í ṣe irú ìtìjú ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ yẹn, tí ènìyàn lè fi aṣọ bò nígbà tí wọ́n bá ní kó dìde. Èyí ń tẹ̀lé e wọ ọkọ̀. Obìnrin kan kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lórí ohun tó ti ara ọkọ fúnra rẹ̀ wá, ọkọ sì gba ẹ̀bẹ̀. Ó tiẹ̀ fi ṣoore.

"Kí ni wọ́n wí?" Ìyá Káńtà bi í nígbà tó wọlé.

"Wọ́n ní wọ́n máa pààrọ̀ oògùn."

"Ọlọ́run ṣeun." Ó gbé tíì ka iwájú rẹ̀, ó fi ọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀pù wò bóyá ó ti gbóná jù fún un.

Ọkọ rẹ̀ ní lọ́kàn pé òun yóò sọ ọ́ lọ́la. Ọ̀la dé, fúláwà tuntun dé pẹ̀lú rẹ̀, ó ní kí òun kọ́kọ́ tò ó. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, oníbàárà kan ń ṣe ìgbéyàwó ọmọ, iṣẹ́ kéèkì pọ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kò ní ṣàìrí iṣẹ́ ṣe. Ojoojúmọ́ ni Ìyá Káńtà ń ka oògùn náà sí i lọ́wọ́, tí ó ń dúró tì í títí yóò fi gbé e mì.

Àbíkẹ́yìn wọn, obìnrin tó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní mọ́tò wíwà, ni ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò ti ẹnu rẹ̀ bọ́. Ẹni tó bá ń jókòó ti àwọn tí kò mọ bíréékì yàtọ̀ sí tọ́tù tí wọ́n fi ń sáré, ẹnu rẹ̀ kì í bá ènìyàn fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé ọkọ̀ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó wọlé bá àwọn òbí rẹ̀ méjèèjì nídìí tábìlì.

"Màámi," ó ní, "ẹnìkan tí mò ń kọ́ ní ọkọ̀ sọ fún mi pé wọ́n ti ń fi ẹ̀jẹ̀ mọ̀ ọ́n tí jẹjẹrẹ ọmú bá wà nínú ìdílé. Ẹ jẹ́ ká lọ ṣe é. Tẹ̀yin la máa kọ́kọ́ ṣe. Tó bá wà lára yín, èmi náà á ṣe. Tí kò bá sí lára yín, kò lè sí lára mi nìyẹn, ọkàn mi á balẹ̀."

Ìyá Káńtà wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni tó ń tọrọ ààyè. "Ṣé kí n lọ?"

Bàbá Oníbúrẹ́dì ń po ìyẹ̀fun. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ahọ́n rẹ̀. Bí ó bá ṣí ẹnu, yóò bọ́ sórí tábìlì. Ó gbá ìyẹ̀fun náà mọ́lẹ̀, ó yí i padà, ó tún gbá a mọ́lẹ̀.

"Ẹ lọ kẹ̀," ó ní. "Àyẹ̀wò kì í pani."

Nígbà tí èsì Ìyá Káńtà jáde, fèrè ọkọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ láti ìta. Àbíkẹ́yìn fi ọkọ̀ sílẹ̀ sáàárín ojú ọ̀nà, òun tó ń bá gbogbo ayé jà nítorí ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, ó sáré wọ ṣọ́ọ̀bù.

"Màámi! Ẹ̀jẹ̀ yín mọ́! Wọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀!"

Ìyá Káńtà di káńtà mú. "Tún un sọ."

"Kò sí ohun tó ń fà á lára yín rárá."

"Kì í ṣe ilé wa?"

"Kì í ṣe ilé yín."

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn káńtà, gèlè rẹ̀ nìkan ni àwọn oníbàárà ń rí. Ó bú sẹ́kún. Ó fa fóònù yọ, ó pe gbẹ́nàgbẹ́nà. "Ẹ̀gbọ́n mi," ó ń pariwo, "kì í ṣe ilé wa o! Ẹ sọ fún gbogbo wọn, kì í ṣe ilé wa!" Àwọn oníbàárà tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ń bá a yọ̀. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Èmi náà ti bọ́ nìyẹn," Àbíkẹ́yìn ní. "Wọ́n ti fún mi lọ́jọ́ tí mo máa wá ṣe tèmi, mo máa pè wọ́n kí wọ́n fi ẹlòmíràn síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ń bi mí pé ilé bàbá mi ńkọ́. Mo ní ilé bàbá mi? Ọjọ́ orí ní ń pa àwọn yẹn!" Ó rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ìyá Káńtà ti rí àre. Kò sí ẹni tó nàka sí Bàbá Oníbúrẹ́dì, kò sì sí ẹni tí yóò nàka sí i láé. Wọ́n á ní àyànmọ́ ọmọ náà ni, wọ́n á ní bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ni. Dídákẹ́ ló kù tí yóò máa dákẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí dídákẹ́ náà lè ná an ni ọmọ tó kù fún un. Ẹ jẹ́ ká má parọ́ mọ́ ọn, kò sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ta búrẹ́dì bíi mẹ́ta kó tó gbẹ́sẹ̀. Ìgbà tó rí i tí Àbíkẹ́yìn gbé fóònù sétí, tí ó ń sọ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ṣé ilé ìwòsàn nìyẹn?" ló jáde pẹ̀lú fúláwà lọ́wọ́, ó sì gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó bẹ àwọn oníbàárà pé kí wọ́n padà wá. Ó ti ilẹ̀kùn lójú ọ̀sán gangan.

"Lọ ṣe àyẹ̀wò náà," ó ní fún ọmọ rẹ̀. "Ìtọ̀ àgbà kọ́ ló ń ṣe mí. Jẹjẹrẹ ni. Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Lára mi ni nǹkan náà wà. Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ti jogún rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni ẹ̀gbọ́n rẹ ti jogún rẹ̀. Ìwọ náà lè ní in. Má fi falẹ̀."

Àbíkẹ́yìn wò ó, ó wo ìyá rẹ̀. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Bàámi," ó ní, "ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Kí o tó mú ìyá rẹ lọ."

Ìyá Káńtà ti dìde nílẹ̀. "Ẹ wà níbẹ̀," ó ní, "nígbà tí mò ń wọ bàtà tí mo fi lọ na apá fún wọn."

"Mo wà níbẹ̀."

"Ẹ ní àyẹ̀wò kì í pani."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

Bàbá Oníbúrẹ́dì rò pé ìyàwó òun yóò pariwo. Ó ń retí rẹ̀, ó tilẹ̀ ń fẹ́ ẹ. Ìyá Káńtà kò pariwo. Ó fi ọwọ́ gbá èérún búrẹ́dì orí káńtà jọ, ó gbá a jọ títí kò fi sí ohun tó kù láti gbá.

"Nǹkan kan wà tí mi ò sọ fún yín rí," ó ní, "torí ojú ń tì mí. Nígbà tí ọmọ mi dùbúlẹ̀ àìsàn, ó dé ìgbà kan tí kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan òun mọ́. Tí mo bá gbé omi ìwẹ̀ wọlé, á kọjú sí ògiri. Á ní kí wọ́n bá òun pe nọ́ọ̀sì. Mo ní ìrora ni, mo ní oògùn ni. Ọmọ tí mo fi ọmú yìí bọ́. Títí ó fi kú, kò wò mí lójú mọ́." Ó gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀. "Ta ló sọ fún un pé ọ̀dọ̀ mi ni?"

Bàbá Oníbúrẹ́dì rántí ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà àìsàn ọmọ náà. Fèrèsé ilé ìwòsàn ṣí sílẹ̀, ọmọ náà sì ti rù débi pé òrùka kò dúró lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ó bi í pé, "Bàámi, kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?" Kò lè gba kí ọmọ náà máa wo òun pẹ̀lú ìbéèrè yẹn lójú. Ó fọwọ́ pa á lórí tí kò nírun, ó ní, "Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Ilé ìyá rẹ ni." Ó sọ ọ́ láti fi tù ú nínú. Ọmọ náà dijú, bàbá rẹ̀ rò pé oorun ló gbé e lọ.

"Èmi ni," ó ní.

Àbíkẹ́yìn fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Káńtà tú épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ká a, ó fi í sórí káńtà, ó mú báàgì rẹ̀.

"Mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Ká lọ kí wọ́n tó ṣíwọ́. Tí wọ́n bá lè gba tìrẹ lónìí, kí wọ́n gbà á lónìí."

Ọkọ rẹ̀ tẹ̀lé e dé ẹnu ilẹ̀kùn. Omi ń dà lójú rẹ̀, ó di aṣọ obìnrin náà mú tòun ti fúláwà lọ́wọ́.

"Ìyá ọmọ mi," ó ní, "mo bẹ̀ ọ́. Mo bẹ̀ ọ́, forí jì mí."

Ìyá Káńtà rọra yọ aṣọ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ má bẹ̀ mí," ó ní. "Èmi kọ́ ló kú."